Búlọ́ọ̀kù oríṣi márùn-ún nínú tẹ́bùlù tẹ́nìsì, àti bó o ṣe lè máa fi wọ́n dánra wò

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, búlọ́ọ̀kù tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń kọ́lé o, àmọ́ iṣẹ́ wọn jọra díẹ̀: nǹkan kan ń sáré bọ̀, ìwọ dúró, o ò jẹ́ kó kọjá. Nínú tẹ́bùlù tẹ́nìsì, ohun tí búlọ́ọ̀kù jẹ́ ò ju pé kó o gbé báàtì síwájú bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíì ti fi gbogbo ara gbá, kó o wá lo agbára ọwọ́ ẹ̀ náà láti fi dá a padà fún un. Ìwọ fúnra ẹ ò fi nǹkan kan kún un, tó o bá tiẹ̀ máa fi kún un, díẹ̀ báyìí ni.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èrò mi ni pé ẹni tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ló ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Èmi a máa gbá tọ́pùsípìn, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n mú kó máa yí síwájú, lọ́tùn-ún lósì, òógùn á bò mí, mo gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àfi ọjọ́ tí wọ́n ní kí n bá bàbá kan gbá tí wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Bàbá ò sáré, wọn ò fò, wọ́n kàn dúró ti tábìlì, báàtì wọn wà níwájú ikùn bí ẹni gbé àwo dání. Mo gbá a, tó! ó ti padà. Mo tún gbá a, tó! Mo sún sẹ́yìn kí n lè ráyè ju apá mi dáadáa, mo da gbogbo ara lé èyí tó ṣìkẹrin, ni bàbá bá kàn fa ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀ báyìí, bọ́ọ̀lù rọra já sẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́ẹ̀tì, èmi sì wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ní bíi mítà 2. Mo sáré, mo na ọwọ́, ikùn ni mo fi gba etí tábìlì. 11 sí 3 ló parí sí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn o, èmi kàn ń bá ẹ dá a padà ni."

Ó dùn mí wọra, àmọ́ nígbà tí mo délé tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé kì í ṣe dídá tí wọ́n ń dá a padà ló pa mí. Mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, mo ti mọ̀ ọ́n lára, mo ti mọ ibi tó máa já sí. Ẹ̀kẹrin tó yàtọ̀ ló pa mí. Tó bá jẹ́ pé bákan náà lo ṣe ń dá bọ́ọ̀lù padà ní gbogbo ìgbà, ńṣe lò ń bù oúnjẹ fún ẹni tó ń gbá. Àfi kó o ní oríṣi tó ju ẹyọ kan lọ, kí ọwọ́ ẹ sì mọ ìyàtọ̀ wọn láìjẹ́ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó.

Kí báàtì tó kan bọ́ọ̀lù

Ọ̀rọ̀ sípìn, ìyẹn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí, la máa kọ́kọ́ yanjú torí ibẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bàjẹ́. Bọ́ọ̀lù tó ní tọ́pùsípìn ń yí síwájú bó ṣe ń bọ̀, tó bá ti kan rọ́bà tó bo ojú báàtì ẹ, òkè ló ń fẹ́ gùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó o bá gbé báàtì dúró ṣánṣán, bọ́ọ̀lù á fò kọjá tábìlì lọ sẹ́yìn ilé. Ńṣe ni wàá dojú báàtì kọlẹ̀ díẹ̀, bí ẹni fẹ́ fi ìdérí bo ìkòkò tí ò tíì bò ó tán. Bí sípìn bá ṣe pọ̀ tó ni wàá ṣe bò ó tó. Àmọ́ sìmáàṣì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi gbogbo agbára lù, tí wọ́n gbá pẹlẹbẹ ò ní sípìn tó bẹ́ẹ̀, tó o bá lọ bo báàtì mọ́ ìyẹn jù, inú nẹ́ẹ̀tì lo máa gbé e sí.

Wàá ní báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ pé sípìn pọ̀ nínú ẹ̀. Báàtì ẹni tó ń gbá ni kó o máa wò, má wo ojú ẹ̀. Tí báàtì ẹ̀ bá ti ìsàlẹ̀ níbi orúnkún gòkè wá, tó kàn fi ha bọ́ọ̀lù lára, tí o ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ariwo, sípìn ń bọ̀ nìyẹn. Tó bá ti ẹ̀yìn wá síwájú gbọọrọ, tó sì dún "pá", eré ló pọ̀ nínú ẹ̀. Etí náà ń ṣiṣẹ́ níbi eré yìí o, ọ̀pọ̀ ò mọ̀.

Èkejì ni ìgbà tó o máa fọwọ́ kàn án. Bó bá ṣe ń dìde lórí tábìlì ni kó o pàdé ẹ̀, má jẹ́ kó gòkè tán. Tó o bá dúró dè é, á ti ga, á ti sún mọ́ ẹ láyà, wàá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn bí ẹni tí kòkòrò fẹ́ wọ̀ lójú. Gígùn tábìlì ò ju mítà 2.74 lọ, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá bá ta á sí ẹ, kó o tó ṣẹ́jú ó ti dé, kò sáyè pé o fẹ́ fa ọwọ́ sẹ́yìn kó o tó gbé e wá síwájú.

Torí náà, báàtì gbọ́dọ̀ ti wà níwájú ikùn kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ẹsẹ̀ fẹ̀ ju èjìká lọ díẹ̀, orúnkún tẹ̀, ara dà síwájú ẹsẹ̀, kì í ṣe gìgísẹ̀. Sún mọ́ tábìlì dé ibi tó jẹ́ pé tó o bá na ọwọ́, wàá fọwọ́ kan etí ẹ̀ láìtẹ̀. Ní ti bó o ṣe máa di báàtì mú, ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń di ọmọ kékeré lọ́wọ́ mú sọdá títì? Kò gbọ́dọ̀ já mọ́ ẹ lọ́wọ́, kò sì gbọ́dọ̀ dùn ún. Ọwọ́ tó bá le gbagidi, bọ́ọ̀lù á máa ta dànù lórí ẹ̀ ni.

Búlọ́ọ̀kù jẹ́ẹ́

Òun ni ìyá gbogbo wọn. Báàtì wà níwájú, o ti bò ó dé ìwọ̀n tó yẹ, o kàn jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wá bá a níbẹ̀. Ọwọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ rìn ju fífẹ̀ ìka mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ó dà bíi pé ó rọrùn, àbí? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọwọ́ kì í fẹ́ dúró. Ojú rí bọ́ọ̀lù tó ń sáré bọ̀, ọwọ́ náà á fẹ́ sáré lọ pàdé ẹ̀, eré méjì wá kọlu ara wọn, bọ́ọ̀lù dèrò ìta.

Ohun tí mo fi wo ara mi sàn rèé. Mo gbé àga kan sẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́ mi, bí mo bá ti fa ọwọ́ sẹ́yìn pẹ́nrẹ́n, ìgbọ̀nwọ́ á gbá àga. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìgbọ̀nwọ́ mi pọ́n bí ata. Ọjọ́ kẹta, mi ò kan àga mọ́.

Bó o ṣe máa fi dánra wò: ní kí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbá máa fi fọ́háńdì (ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tó fi di báàtì mú) gbá tọ́pùsípìn sí báákíháńdì ẹ (ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ẹ̀yìn ọwọ́ ti ń kọjú síwájú), ojú kan náà, kó má fi gbogbo agbára gbá a, bí ìdajì ti tó, ìwọ náà máa dá a padà síbi tó ti gbá a wá gan-an. Kà á sókè. Tó bá já ní 7, padà sí oókan. Má kúrò lórí èyí títí wàá fi ka 20 láìjá, bó bá gbà ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì kó gbà ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn kó máa gbá a le sí i, lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ yí i sí fọ́háńdì ẹ. Ti fọ́háńdì máa ń yọ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ju ti báákíháńdì lọ, torí ọwọ́ ti mọ́ ọn lára pé tí bọ́ọ̀lù bá ti wá síbẹ̀, kó ju apá ni.

Tí 20 bá ti wá mọ́ ẹ lára ni kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í darí ẹ̀: méjì síbi tó ti wá, ọ̀kan sí igun kejì. Ọrùn ọwọ́ lo máa fi yí ojú báàtì, kó o sì ti yí i kí bọ́ọ̀lù tó dé. Tó bá jẹ́ ìgbà tó dé lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí i, o ti pẹ́.

Nǹkan kan tún wà. Ẹni tó bá gbọ́n ò ní máa gbá a sí ọ̀tún tàbí òsì ẹ, ìgbọ̀nwọ́ ọwọ́ tó o fi di báàtì mú ló máa máa gbá a sí, níbi tí ìwọ fúnra ẹ ò ti mọ̀ bóyá fọ́háńdì ló yẹ kó o fi gbà á àbí báákíháńdì. Ní tèmi o, ti báákíháńdì ni gbogbo ohun tó bá wá síbẹ̀, mo ti pinnu ẹ̀ láti ilé, mi ò ń bá ara mi jiyàn lórí tábìlì. Wàá kàn fi ẹsẹ̀ sún díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kó o lè ráyè. Ní kó gbá mẹ́wàá sí ìgbọ̀nwọ́ ẹ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń dánra wò, kì í dùn ún ṣe, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Búlọ́ọ̀kù afàsẹ́yìn

Èyí ni bàbá fi pa mí. Bó o ṣe ń gba ẹyin tí ẹnì kan jù sí ẹ láìjẹ́ kó fọ́ gẹ́lẹ́ ni: ọwọ́ rọ̀, bí bọ́ọ̀lù bá ṣe kan rọ́bà, jẹ́ kí ọwọ́ bá a lọ sẹ́yìn díẹ̀, ìwọ̀n ìka méjì péré. Gbogbo eré tó wà nínú bọ́ọ̀lù á kú síbẹ̀, á wá rọra sọdá nẹ́ẹ̀tì, á já sítòsí. Ẹni tó ti sún sẹ́yìn ni kó o ṣe é fún o! Tó o bá ṣe é fún ẹni tó dúró ti tábìlì, o ti fi ẹran sílẹ̀ fún ológbò nìyẹn, á kàn lù ú mọ́ ẹ lójú ni.

Láti fi dánra wò, tẹ́ aṣọ ìnujú kan sí apá ọ̀hún tábìlì, kó sún mọ́ nẹ́ẹ̀tì, kí ẹni kejì máa gbá tọ́pùsípìn láti ẹ̀yìn, ìwọ máa wá bó o ṣe máa já a sórí aṣọ yẹn. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá dáa fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á fa ọwọ́ kí bọ́ọ̀lù tó dé, bọ́ọ̀lù á wá já lulẹ̀ níbi tìẹ. Kó kàn án ná, kó o tó fà.

Páǹṣì

Òkò àbínújù kì í pẹyẹ, páǹṣì ni òwe yẹn ń bá wí. Páǹṣì ni pé kó o ti bọ́ọ̀lù padà gbì dípò kó o kàn dúró dè é, àmọ́ kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀lù lo máa páǹṣì. Èyí tó wá jẹ́jẹ́, tí sípìn ẹ̀ ò pọ̀, tó sì ga díẹ̀, òun ni. Ti apá láti ìgbọ̀nwọ́ síwájú, kúkúrú, kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ, kó o sì dá a dúró lójijì bí ẹni tó tìlẹ̀kùn tó sì rí i pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ẹ̀. Fún báàtì mọ́wọ́ lásìkò tó bá kan bọ́ọ̀lù nìkan, lẹ́yìn náà kó o dẹ̀ ẹ́. Èyí nìkan ni wàá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù fẹ́rẹ̀ẹ́ gòkè tán kó o tó fọwọ́ kàn án.

Tó o bá fẹ́ rí ẹni tó mọ béèyàn ṣe ń dúró ti tábìlì tó sì ń fi bọ́ọ̀lù kúkúrú dààmú èèyàn, wá fídíò Jiang Jialiang ará Ṣáínà wò, òun ló gba ìdíje àgbáyé ti ọkùnrin ní 1985 àti 1987, bí ẹni mú bírò ló ṣe ń mú báàtì. Àti Deng Yaping, gíga ẹ̀ ò ju mítà 1.50 lọ, ó gba góòlù 4 ní Òlíńpíìkì 1992 àti 1996. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àwọn kúrú jù láti gbá eré yìí. Ẹ lọ wo obìnrin yẹn.

Fún ìdánrawò, ẹni kejì á gbá méjì tó le, á wá mọ̀ọ́mọ̀ gbá ọ̀kan tó rọ̀. Méjì jẹ́ẹ́, ọ̀kan páǹṣì. Nígbà tó bá yá, kó má sọ èyí tó máa rọ̀ fún ẹ mọ́. Ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ bóyá ojú ẹ ń ríran àbí ńṣe lò ń kà á lórí bí orin.

Gígé àti nínù

Búlọ́ọ̀kù gígé: báàtì ò bolẹ̀ tó ti jẹ́ẹ́, ó dúró ju ìyẹn lọ, bí bọ́ọ̀lù bá ṣe ń dìde ni wàá fi rọ́bà ha á sísàlẹ̀, ṣákí, kúkúrú. Ohun tó ń ṣe fún ẹni kejì ni pé ó ń retí bọ́ọ̀lù tó ń gòkè, òkú bọ́ọ̀lù ló máa rí, tàbí èyí tó ń yí sẹ́yìn, tó bá gbá a bó ṣe ń gbá ti tẹ́lẹ̀, nẹ́ẹ̀tì ló ń lọ. Ó le láti kọ́ o, má tan ara ẹ. Oṣù bíi mẹ́ta ni mo fi ń gé e sínú nẹ́ẹ̀tì fúnra mi. Ohun tó yí i padà ni pé mo dín gígùn ẹ̀ kù, mo ti ń gé e bí ẹni ń gé igi.

Rọ́bà onírorẹ́ gígùn, ìyẹn rọ́bà tí ojú ẹ̀ rí ṣoṣoro dípò kó dán, ń ṣe irú ẹ̀ fúnra ẹ̀. Rọ́bà tó dán máa ń di bọ́ọ̀lù mú á sì yí sípìn ẹ̀ padà, àmọ́ onírorẹ́ gígùn ò dì í mú, sípìn tí ẹni yẹn fi ránṣẹ́ náà ló ń gbà padà, kó wá jẹ́ pé lọ́dọ̀ tiẹ̀ ó ti di èyí tó ń yí sẹ́yìn. Bó bá ṣe gbá a tó ni ìyà á ṣe jẹ ẹ́ tó. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ni Xialian, tó gbá fún Luxembourg, ó ń lò ó, ẹni ọdún 61 ni nígbà tó borí ẹni àkọ́kọ́ tó bá gbá ní Òlíńpíìkì Paris 2024. Nígbà tí mo wo ìyẹn, bàbá wa ni mo rántí. Àmọ́ tó o bá ṣì ń kọ́ ọ, má sáré lọ ra onírorẹ́, ó máa ń jẹ́ kéèyàn ya ọ̀lẹ lẹ́sẹ̀.

Nínù ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí báàtì bá ṣe kan bọ́ọ̀lù, nù ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni nu tábìlì, bọ́ọ̀lù á kọ́rọ́ jáde. Jan-Ove Waldner ti orílẹ̀-èdè Sweden tó gba góòlù Òlíńpíìkì 1992, ọwọ́ ẹ̀ rọ̀ débi pé èèyàn ò ní mọ ohun tó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù ṣe títí bọ́ọ̀lù á fi kọjá. Bí iyọ̀ ni kó o ṣe máa lo tìẹ, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì nínú géèmù kan.

Pípò wọ́n pọ̀

Tí ọwọ́ ẹ bá ti mọ mẹ́ta nínú wọn ó kéré tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ eré yìí: ẹni kejì ń gbá tọ́pùsípìn, ìwọ á pariwo orúkọ búlọ́ọ̀kù tó o fẹ́ ṣe kó tó kan báàtì ẹ. "Jẹ́ẹ́!" "Fà!" "Páǹṣì!" Àwọn èèyàn á máa wò yín bí ẹni tórí ẹ̀ ò pé, ẹ má dá wọn lóhùn. Tí ẹnu ẹ bá pẹ́, ọpọlọ ẹ ló pẹ́. Tó bá ti dán mọ́rán, panu mọ́, jẹ́ kí ẹni kejì máa méfò.

Tí garawa bọ́ọ̀lù bá wà, kí ẹnì kan máa fi bọ́ọ̀lù lé bọ́ọ̀lù fún ẹ láìdúró, 30 lẹ́ẹ̀kan, sinmi, 30 míì. Ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ ni orúnkún máa ń nà, ara á dúró ṣánṣán, búlọ́ọ̀kù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde. Orúnkún ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó o tó máa bú báàtì. Tó bá sì jẹ́ ìwọ nìkan lo wà, gbé ìdajì tábìlì dúró bí ògiri kó o máa gbá a mọ́ ọn. Kò ní sípìn tó ti èèyàn, àmọ́ ó dáa fún jẹ́ẹ́ àti páǹṣì.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà díẹ̀. Òfin ò jẹ́ kí rọ́bà àti fóòmù abẹ́ ẹ̀ nípọn ju mílímítà 4 lọ lójú kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kó o débẹ̀. Èyí tó nípọn jù, tó sì ń ta, á máa sọ bọ́ọ̀lù nù mọ́ ẹ lọ́wọ́. Èyí tó tinrín díẹ̀ ń jẹ́ kéèyàn mọ ohun tó ń ṣe. Ti bọ́ọ̀lù gan-an tiẹ̀ ti dáa fún wa: mílímítà 38 ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di 40 ní 2000, wọ́n tún gbé ti páláṣítíìkì dé ní 2014, sípìn ò le tó ti àtijọ́ mọ́.

Géèmù tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gbá a dé 11, àmọ́ ìwọ ò gbọ́dọ̀ kọ lù ú rárá, búlọ́ọ̀kù nìkan, ẹni kejì ló ń gbá. Á lù ẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, 11 sí 2, kò burú. Tó o bá ti ń gba 6, 7, o ti ń bọ̀ nìyẹn.

Mo padà lọ bá bàbá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àwọn náà ló tún gbà á, 11 sí 8. Àmọ́ ní póìntì kan, mo páǹṣì ọ̀kan sí ìgbọ̀nwọ́ wọn, wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n gbá a pẹ̀lú ìbínú, ni mo bá fa ọwọ́. Bọ́ọ̀lù já sẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ó fò lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ò tiẹ̀ sáré. Wọ́n fi báàtì họ orí, wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?"